Mary Slessor: Àlejò tí ó di ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilẹ̀ Okoyong

Òjò ń rọ̀ nígbà tí obìnrin òyìnbó kan, tí kò ga, tí irun orí rẹ̀ sì pupa, jáde kúrò ní abúlé Ekenge ní ilẹ̀ Okoyong, ní agbègbè tí ó ti di apá kan ìpínlẹ̀ Cross River ní Nàìjíríà lónìí. Ìrìn nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ nínú igbó kìjikìji ni ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ wò kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ rí i rí.

Baálẹ̀ abúlé kan ni ẹni náà, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá kú, òun nìkan kọ́ ni yóò lọ. Wọ́n lè pa ìyàwó àti ẹrú láti sin ín lọ, wọ́n sì lè fún àwọn mìíràn ní májèlé jẹ kí wọ́n fi mọ ẹni tí ó fi àjẹ́ pa á. Baálẹ̀ Ekenge àti arábìnrin rẹ̀ ti kìlọ̀ fún àlejò wọn pé kí ó má lọ, nítorí bí aláìsàn bá kú sí i lọ́wọ́, ẹ̀sùn yóò kan òun náà.

Ó lọ. Bàtà rẹ̀ di ẹrù nínú ẹrọ̀fọ̀, ó bọ́ ọ jù sínú igbó. Aṣọ òkè rẹ̀ gba omi títí ó fi wúwo, ó bọ́ òun náà. Nígbà tí ó fi dé abúlé tí wọ́n ti ń retí ikú, ó ti rẹ̀ ẹ́, iba sì ti ń mú un. Ó jókòó ti aláìsàn náà, ó fún un ní oògùn, ó ń ṣọ́ ọ títí ara rẹ̀ fi yá. Ẹnikẹ́ni kò kú ní abúlé náà nítorí àìsàn yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú Ọlọ́run tí ó ń sìn.

Orúkọ obìnrin náà ni Mary Slessor. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti kú, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Calabar bí ẹni pé àná ni ó lọ.

Ọmọ ọ̀mùtí, ọmọ ahunṣọ

Ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1848 ni wọ́n bí Mary Slessor ní ìlú Aberdeen ní Scotland. Òun ni ìkejì nínú ọmọ méje. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀, obìnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó sì fẹ́ràn láti máa ka ìròyìn iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Calabar sí àwọn ọmọ rẹ̀ létí.

Nígbà tí ìyà pọ̀ lápọ̀jù, ẹbí náà kó lọ sí Dundee, ìlú tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ pọ̀ sí. Láti ìgbà tí Mary ti wà ní ọmọ ọdún 11 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Baxter Brothers, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, ó sì ń lọ sí ilé ìwé fún ìdajì yòókù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ó di òṣìṣẹ́ ojúmọ́, láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé.

Alaalẹ́ Sátidé ni ìpọ́njú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Òun àti ìyá rẹ̀ a máa jókòó de bàbá tí yóò ti ná owó iṣẹ́ rẹ̀ sórí ọtí. Ìgbà mìíràn wà tí ọkùnrin náà máa ń da oúnjẹ tí wọ́n fi pamọ́ dè é sínú iná, ìgbà mìíràn sì wà tí Mary máa ń sá jáde sí ìta lóru. Ọmọbìnrin náà ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ ìbẹ̀rù nínú ilé ara ẹni, ó sì ti mọ bí ó ṣe ń rí láti dúró sí ojú pópó láìsí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bóyá ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò fi ṣòro ṣí fún ẹlòmíràn nígbà tí ó dàgbà.

Ọmọkùnrin tí ó ń fi òjé

Kí Mary Slessor tó dé Áfíríkà rárá ni ó ti ń bá àwọn àjèjì pàdé lójú ọ̀nà. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní àdúgbò Queen Street ní Dundee, níbi tí àwọn jàǹdùkú ti máa ń ju ẹrẹ̀ lu àwọn onígbàgbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin kan ká a mọ́. Olórí wọn so òjé mọ́ okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì í yí ká orí ọmọbìnrin náà, ó sì ń mú un súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mary kò yẹ̀, kò sì pariwo. Òjé náà súnmọ́ ọn títí ó fi kan iwájú orí rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ju okùn sílẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ inú ìpàdé lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwòrán ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára ògiri ilé amọ̀ Mary Slessor nínú igbó. Ọmọkùnrin olójé ọjọ́sí ni. Ó ti di bàbá ilé, ó sì ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ láti fi dúpẹ́.

Ọkọ̀ tí ó kún fún ọtí

Nígbà tí ìròyìn ikú David Livingstone, míṣọ́nnárì ará Scotland tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, dé Britain ní ọdún 1874, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ọkàn wọn fà sí iṣẹ́ ìhìnrere ní Áfíríkà. Mary wà lára wọn. Ìjọ United Presbyterian gbà á, wọ́n sì dá owó oṣù fún un tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 pọ́ùn lọ́dún.

Ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 1876 ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi Ethiopia ní Liverpool. Ó wo bí wọ́n ṣe ń kó àgbá ọtí líle sínú ọkọ̀ kan náà tí yóò gbé òun lọ. Fún ọmọ ọ̀mùtí, ìran náà kò ṣeé gbàgbé. Bí Bíbélì ṣe ń lọ sí Calabar ni ọtí náà ń lọ, ọtí sì pọ̀ ju Bíbélì lọ fíìfíì.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Kristi dé Calabar. Láti ọdún 1846 ni Hope Waddell àti àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n bá a wá ti tẹ iṣẹ́ náà dó láàárín àwọn Efik. Ní ọdún 1850, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar ti fi àṣẹ ẹgbẹ́ Ekpe de pípa ènìyàn sin òkú. Ní ọdún 1878, wọ́n bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí ó ka pípa ìbejì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní ààfin ọba kì í tètè dé oko àti aginjù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, kí ó sì bá àwọn ènìyàn gbé.

Mary kọ́ èdè Efik dé ojú àmì. Ó ń bá àwọn olùkọ́ àgbà gbé ní Duke Town, ṣùgbọ́n àwọn àṣà ilé òyìnbó kò wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n fi í sí Old Town, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ kí ó lè fi owó tí ó bá ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rìn láìwọ bàtà, ó ń sùn nínú ilé amọ̀. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kan rò pé ó ti ń ṣe ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ará Efik ní tiwọn rí i pé ẹni tí ó fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ ti jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn.

Ọ̀rọ̀ ìbejì

Fún Yorùbá, ìbejì jẹ́ ọmọ tí a ń kọrin fún, tí a ń se ẹ̀wà fún, tí a sì ń gbẹ́ ère rẹ̀ bí ọ̀kan bá kú. Ní àyíká Calabar ní ìgbà náà, ìbẹ̀rù ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ẹ̀mí àìrí ni ó bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, nígbà tí wọn kò sì mọ èwo ni, wọ́n a pa wọ́n pọ̀ tàbí kí wọ́n kó wọn sínú ìkòkò jù sí igbó. Wọ́n a sì lé ìyá wọn kúrò láàárín ìlú.

Mary Slessor a máa dìde nígbàkígbà tí ó bá gbọ́, ìbáà ṣe òru. Ó ń kó àwọn ọmọ náà wá sí ilé rẹ̀, ó sì ń tọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Janie, ọmọbìnrin ìbejì kan tí ó mú dání lọ sí Scotland nígbà tí àìsàn dá a padà sílé ní ọdún 1883. Janie dàgbà di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yè. Susie, ọmọ ìbejì tí ẹrúbìnrin kan tí ń jẹ́ Iye bí, ni ó gbé sókè jù. Ìkejì rẹ̀ ti kú. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ó fa omi gbígbóná dà sára. Mary gbé e lọ sí Creek Town lóru láti wá ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n ń sin Susie, Iye àti àwọn ènìyàn tí ìbá sá fún ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i dúró ti Mary, wọ́n ń bá a sunkún.

Obìnrin tí ó gba àlejò

Láàárín àkókò díẹ̀ sí ara wọn ni ìyá Mary àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní Britain. Kò sí ẹni tí yóò máa ṣàníyàn nípa rẹ̀ mọ́ nílé. Ó wá bẹ ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí Okoyong, ilẹ̀ tí àwọn ará Calabar fúnra wọn ń bẹ̀rù. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1888, Ọba Eyo Keje ti Creek Town yá a ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn atukọ̀. Mary dé Ekenge ní òru òjò, òun àti ọmọ márùn-ún tí ó ń tọ́, aṣọ wọn tutù, ebi ń pa wọ́n, ẹrù wọn sì ṣì wà ní etí odò.

Ẹni tí ìtàn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó ni Ma Eme, arábìnrin baálẹ̀ Edem tí ó ni Ekenge. Opó ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ti fi adìẹ tí wọ́n bẹ́ lórí dán òun àti àwọn orogún rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ nípa ikú náà. Ó ti súnmọ́ ikú rí, ó sì mọ ohun tí ẹ̀mí ènìyàn tó. Obìnrin yìí ni ó fún Mary ní ààbò.

Àwọn méjèèjì ní àmì kan láàárín ara wọn. Bí Ma Eme bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ènìyàn ní ibi ní ìkọ̀kọ̀, yóò rán ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ Mary pẹ̀lú ìgò òfìfo, bí ẹni tí ó ń tọrọ oògùn. Mary yóò mọ̀ pé kí òun múra. Ẹ̀mí Ma Eme wà nínú ewu nítorí àmì yìí, torí pé ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ìbá pè é bí àṣírí bá tú. Síbẹ̀, kò fi àṣà àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú, kò sì di ọmọ ìjọ. Mary banújẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sẹ́ ọ̀rẹ́ náà.

Òkú tí wọ́n wọ̀ láṣọ ọlá

Ìdánwò tí ó le jù dé nígbà tí Etim, ọmọ Edem, ń kọ́ ilé tí yóò gbé ìyàwó rẹ̀ sí. Igi ńlá ré lù ú, ó sì rọ ọ́. Mary tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú. Babaláwo sọ pé abúlé kan nítòsí ni ó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n lọ kó àwọn ará ibẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú ìyá tí ó gbé ọmọ dání. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè esere, ẹ̀wà olóró tí wọ́n fi ń dán ènìyàn wò.

Mary kò ní ọmọ ogun. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bu ọlá fún òkú náà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ó wọ Etim láṣọ olówó iyebíye, ó wé láwàní fún un, ó fi fìlà lé e, ó gbé e jókòó sórí àga lábẹ́ agboòrùn, ó fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́, ó sì gbé jígí síwájú rẹ̀. Inú àwọn ènìyàn dùn sí ìyẹ́sí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá jókòó ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Lọ́sàn-án àti lóru, bí òun bá sùn, ẹlòmíràn yóò máa ṣọ́ wọn.

Ó bẹ Edem, ó bá a jà, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ma Eme náà kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú àwọn ènìyàn náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màálù kan ṣoṣo ni wọ́n pa tí wọ́n fi sin Etim. Àwọn àgbà Okoyong kò rí irú rẹ̀ rí, pé kí wọ́n sin ọmọ baálẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀.

Adájọ́ tí ó ń hunṣọ

Ní ọdún 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Mary Slessor ṣe aṣojú wọn ní Okoyong, ó sì ń jókòó lórí ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ipò tí wọn kì í sábà fún obìnrin ni. Ó máa ń fi ọwọ́ hun aṣọ òwú bí ó ti ń gbọ́ ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, títí ìbínú àwọn oníjà yóò fi rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn obìnrin àti ẹrú rí ẹni gbèjà wọn níbẹ̀.

Apá yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ṣì ń yẹ̀ wò. Ìjọba tí ó ń ṣojú fún ni ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ náà, ọmọ ogun ìjọba kan náà ni ó sì ṣígun lọ sí Arochukwu ní ọdún 1901 sí 1902. Lẹ́yìn ogun náà ni Mary tẹ̀ síwájú lọ sí Itu àti agbègbè rẹ̀. A kò lè ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára àkókò tí ó gbé. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó bá àwọn ènìyàn gbé nínú ilé wọn, ó mọ orúkọ wọn, ó sì gbọ́ èdè wọn.

Ó ná an ní nǹkan púpọ̀. Charles Morrison, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní Calabar, fẹ́ fi í ṣe aya, òun náà sì gbà. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìjọ kò gbà kí Morrison lọ bá a ní Okoyong, Mary náà kò sì gbà láti fi Okoyong sílẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò wáyé. Bí a bá sì fẹ́ fi iye ọmọ ìjọ wọn èrè iṣẹ́ rẹ̀, kò tó nǹkan. Ọdún 1903, ìyẹn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ó dé, ni wọ́n tó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àkọ́kọ́ ní Okoyong, díẹ̀ sì ni àwọn tí ó jókòó sí ìdí tábìlì.

Ìyá gbogbo ènìyàn

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, àwọn ọmọ tí ó gbà là ni ó ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré tì í láti abúlé dé abúlé. Ní ọdún 1913, wọ́n fi oyè ẹgbẹ́ Saint John ti Jerúsálẹ́mù dá a lọ́lá. Ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1915 ni ó kú ní Use Ikot Oku, nínú ilé amọ̀, ní ẹni ọdún 66. Janie àti àwọn ọmọbìnrin yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba ojú odò lọ sí Calabar, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn míṣọ́nnárì lórí òkè.

Lónìí, òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Calabar, ère rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbejì ní apá rẹ̀. Ní Scotland, báńkì Clydesdale tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó pọ́ùn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ènìyàn pè é nígbà ayé rẹ̀ ni Eka Kpukpru Owo, tí ó túmọ̀ sí ìyá gbogbo ènìyàn ní èdè Efik.

Obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò sì bímọ ní inú ara rẹ̀, ni wọ́n fún ní orúkọ yìí. Àwọn tí wọ́n fún un sì ni àwọn tí ó bá pàdé ní àjèjì: aláìsàn tí kò rí rí, ẹlẹ́wọ̀n inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ìyá ìbejì tí wọ́n lé sínú igbó, àti opó kan ní Ekenge tí ó fún un ní ààbò, nígbà tí òun gan-an jẹ́ àlejò.